Òfin Àṣírí Ìjọba, Oníwèé Ìròyìn àti Olùkọ́

Àwọn baba wa a máa sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Òwe náà bọ́gbọ́n mu. Kò sí ilé, kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìlú tí kò ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà láàárín àwọn tí ó ni ín. Bí ogun bá wà lẹ́nu odi, balógun kò gbọdọ̀ dúró sí ojú ọjà kí ó máa ka iye ọmọ ogun rẹ̀ fún aráyé. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ẹni tí yóò máa ṣa aṣọ fún wa. Ta ni yóò sọ pé èyí ni kí á sá, èyí ni kí á ká pamọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó fa aṣọ ya ni a tún fún ní àṣẹ láti pinnu èyí tí kò ní í hàn síta, ojoojúmọ́ ni yóò máa kó àkísà pamọ́. Lórí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀: bí òfin tí ìjọba ṣe nítorí amí àti nítorí àtojúbọ̀ àwọn ará òkèèrè ti ń kan àwọn tí kì í ṣe amí rárá, èyíinì ni àwọn oníwèé ìròyìn àti àwa tí a ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn kò tóbi. Ní ìgbà kan, mo rán díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí ìhà Ìkẹjà, sí àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ láti Ọba Àkran dé Ògbà àti Agége, pé kí wọ́n lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ mọ orúkọ Yorùbá tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ń pe àwọn ohun tí wọ́n ń lò, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Owó díẹ̀ tí a fi ṣe iṣẹ́ náà wá láti yunifásítì tí mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan, ó ń fi fóònù gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un. Wọ́n bi í pé, "Ta ni ó rán ọ? Orílẹ̀-èdè wo ni ó ń san owó fún ọ̀gá rẹ?" Nígbà tí ó fi òtítọ́ dáhùn pé owó náà ti òkè òkun wá, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ó tó wákàtí mẹ́rin tí ó fi jókòó níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lù ú, ẹnikẹ́ni kò sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti pa gbogbo ohùn tí ó gbà rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún mi pé òun fẹ́ yí àkọlé iṣẹ́ òun padà, pé òun yóò kọ nípa ìwé ìtàn àròsọ kan tí ó wà ní ilé ìkàwé. Mo gbà fún un. Ìtìjú sì ni ó jẹ́ fún mi títí di òní pé mo gbà fún un.

Amí àti ẹni tí ó ń wádìí

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yé ara wa. Kí ni amí? Amí ni ẹni tí ó ń yọ́ àṣírí ìlú kan wò kí ó lè gbé e fún ìlú mìíràn tí yóò fi ṣe ìlú àkọ́kọ́ ní ibi. Kí ni oníwèé ìròyìn ń ṣe? Òun náà a máa wádìí ohun tí àwọn kan kò fẹ́ kí ó hàn. Olùkọ́ yunifásítì ńkọ́? Òun náà a máa béèrè ohun tí kò tíì yé ènìyàn, a sì máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òkèèrè kọ̀wé sí ara wọn. Bí a bá wo ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń béèrè, wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n ń kó ìwé jọ. Ibi tí ẹrù ń lọ ni ìyàtọ̀ wà. Amí a máa gbé tirẹ̀ fún ẹnìkan ní ìkọ̀kọ̀. Oníwèé ìròyìn àti olùkọ́ a máa gbé tiwọn fún gbogbo ènìyàn ní gbangba, wọn a sì kọ orúkọ wọn sí i. Òfin tí ó bá ń wo ọwọ́ nìkan, tí kò wo ibi tí ẹrù ń lọ àti ibi tí ẹrù náà lè dá sílẹ̀, kò lè ṣe kí ó má mú aláìṣẹ̀ mọ́ ọ̀daràn.

Ìbẹ̀rù àlejò tí ó lè jẹ́ amí kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù asán nígbà gbogbo. Àwọn Ọ̀yọ́ a máa fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ wọn, ìlú tí ajẹ́lẹ̀ bá sì wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ojú ọba Ọ̀yọ́ wà lára òun. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ ti Abẹ́òkúta wá. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá níbẹ̀. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Nígbà tí ó ṣe, Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó fún àwọn Òyìnbó fi ọlọ́pàá rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ ara wọn. Inú bí wọn, wọ́n sì fura pé ọ̀kan náà ni Òyìnbó ìjọba àti Òyìnbó ìjọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, wọ́n dìde sí àwọn Òyìnbó tí ó wà ní ìlú, wọ́n kó ilé ìsìn, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, wọ́n sì lé àwọn Òyìnbó jáde. Ọ̀ràn yìí ni a ń pè ní Ìfọ́lé. Bí Ìwé Ìròyìn ṣe parí nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú inú wo ìtàn yìí. Ìfura àwọn Ẹ̀gbá ní ìdí: ẹni tí ó wo bí Èkó ti di ti Òyìnbó ní ọdún 1861 kò lè sọ pé wọ́n ń ṣe àlá. Síbẹ̀, ta ni ó pàdánù? Kì í ṣe Glover, nítorí pé agbára rẹ̀ ní Èkó kò dín. Àwọn tí ó pàdánù ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n ń fi ìwé náà kọ́ bí a ti ń ka èdè baba wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ wà ní Èkó, làpálàpá ni wọ́n pa ní Abẹ́òkúta.

Ohun tí òfin wí

Òfin tí ó de ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ni Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962. Kò tíì tó ọdún méjì tí a gba òmìnira nígbà tí a ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó ni a ti wo àwòkọ rẹ̀, àwọn tí wọ́n sáré ṣe tiwọn ní ọdún 1911 nígbà tí ìbẹ̀rù amí Jámánì gba gbogbo ilẹ̀ wọn. Ìpín kìíní òfin tiwa wí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí lé ẹni tí kò ní àṣẹ lọ́wọ́, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó dà á kọ, tàbí tí ó pa á mọ́ sọ́dọ̀ láìgba àṣẹ, ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Ìpín kejì de àwọn ibi tí ìjọba dáàbò bò: ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀, tí ó ń rìn yí i ká, tàbí tí ó ya àwòrán rẹ̀ fún ìdí tí ó lè pa ààbò ìlú lára, ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà tí ó wà nínú òfin yìí lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí. Ìkínní ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí. Òfin náà wí pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni èyí tí ẹ̀ka ìjọba kan ti fi òǹtẹ̀ sí pé kò gbọdọ̀ hàn sí aráyé, tí ìhàn rẹ̀ yóò sì pa ààbò Nàìjíríà lára. Lójú ìwé, ẹsẹ̀ méjì ni ìtumọ̀ yìí fi dúró, òǹtẹ̀ àti ìpalára. Ṣùgbọ́n nínú ìṣe, ẹsẹ̀ kìíní ni ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kejì, nítorí pé ẹni tí ó lu òǹtẹ̀ náà ni yóò tún wá jẹ́rìí pé ìpalára wà níbẹ̀. Ìkejì ni pé òfin náà fi ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà sí ojú kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ti búra pé òun yóò pa ẹnu mọ́. Oníwèé ìròyìn kò búra fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kò búra. Síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n kan náà ń dúró dè wọ́n. Ìkẹta ni àwíjàre tí òfin náà fún ẹni tí a bá fẹ̀sùn kàn. Ó ní láti fi hàn pé òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni, àti pé bí òun ti mọ̀ báyìí ni òun tọ ọlọ́pàá lọ. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ẹni tí yóò wí pé, "Mo mọ̀ pé àṣírí ni, ṣùgbọ́n àṣírí olè ni, ire ìlú sì ni mo fi tú u." Ẹni tí ó jí owó ìlú kó lè lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ ìwé tí ó fi jí i, òfin ọdún 1962 kò sì béèrè èrèdí rẹ̀.

Ìkẹjà àti àwọn ìwé ìròyìn rẹ̀

Láti ọdún 1976 ni Ìkẹjà ti jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ti bisikíìtì àti ti òògùn rẹ̀ sì ni ilé àwọn ìwé ìròyìn ti pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ènìyàn gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ìsọlọ̀ tí kò jìnnà sí ibẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ The Guardian wà. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari ṣe òfin kan tí a mọ̀ sí Òfin Kẹrin. Òfin yìí sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tẹ ìròyìn tí ó bá mú ìtìjú bá òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ààbò tí ó dájú nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá sọ òtítọ́. Túndé Thompson àti Nduka Irabor kọ ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú rẹ̀ ní òkèèrè. Wọ́n gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún wọn ní oṣù keje ọdún náà; wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 náírà fún ilé iṣẹ́ wọn. Mo bẹ̀ yín, kí ni ó wà nínú orúkọ aṣojú ìjọba tí ọ̀tá lè fi já ìlú gbà? Orúkọ tí gbogbo ayé yóò gbọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Kì í ṣe ààbò ìlú ni wọ́n ṣọ́ níbẹ̀, iyì àwọn ọ̀gá ni.

Ní ọdún 1985 ni ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ń jẹ́ Newswatch jáde, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Òrégùn ní Ìkẹjà. Délé Gíwá ni ọ̀gá àgbà àwọn olóòtú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba pè é, wọ́n sì fi ọ̀ràn ààbò ìlú wá a lẹ́nu wò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 19 oṣù náà, bọ́ǹbù tí a dì sínú ìdì ìwé pa á nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ikú náà, èmi náà kò sì ní í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níhìn-ín. Ohun tí mo lè sọ ni pé láti ọjọ́ náà ni gbogbo oníwèé ìròyìn Nàìjíríà ti mọ̀ pé ìbéèrè lè pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Newswatch tí ó kan òfin àṣírí ní tààrà ni ti oṣù kẹrin ọdún 1987. Ìjọba Ọ̀gágun Babangida ti yan ìgbìmọ̀ kan ní ọdún 1986, àwọn olùkọ́ yunifásítì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti kiri gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè irú ìṣèlú tí wọ́n ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ará ìlú lé ní 27,000. Wọ́n kọ àbọ̀ wọn, wọ́n gbé e fún ìjọba. Newswatch rí i, ó sì tẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Ìjọba wí pé àṣírí ni, ó sì fi òfin kan pàtó ti ìwé ìròyìn náà pa fún oṣù mẹ́fà. Ẹ gbọ́ ná: ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu ará ìlú ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé inú fáìlì, ó di ohun tí ará ìlú kò gbọdọ̀ gbọ́ mọ́. Bí àpẹẹrẹ kan bá wà tí ó fi hàn pé òǹtẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, pé kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun nìyẹn.

Ọdún 1995 burú ju ìwọ̀nyí lọ. Ìjọba Ọ̀gágun Abacha kéde pé àwọn kan fẹ́ gba ìjọba, ó sì gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ ológun tí ń jókòó ní ìkọ̀kọ̀. Kúnlé Àjìbádé ti TheNEWS, George Mbah ti Tell, Chris Anyanwu àti Ben Charles Obi kọ ìròyìn tí ìjọba kò fẹ́ nípa ọ̀ràn náà. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún wọn. A dín in kù sí ọdún 15, ikú Abacha ní ọdún 1998 ni ó sì tú wọn sílẹ̀. Ní ọdọọdún báyìí ni ọ̀nà tí ó wà láàárín kí á ròyìn ọ̀tẹ̀ àti kí á dìtẹ̀ ń kúrú sí i, títí ó fi di ọ̀kan náà lójú àwọn adájọ́ inú òkùnkùn wọ̀nyẹn.

Ọ̀ràn àwọn olùkọ́

Bí a bá rò pé àwọn oníwèé ìròyìn nìkan ni ọ̀ràn yìí ń bá jà, a ń tan ara wa jẹ. Ní ọdún 1961, kí a tó ṣe Òfin Àṣírí rárá, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìjọba àpapọ̀ dá Dókítà Chike Obi lẹ́bi pé ìwé pélébé tí ó kọ lè ru ìlú sókè sí ìjọba. Olùkọ́ ìṣirò ni ní Ìbàdàn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1967 títí di oṣù kẹwàá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀gágun Gowon fi Wọlé Ṣóyínká, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, sí àhámọ́ pé ó bá àwọn Bìáfírà lọ́wọ́ pọ̀. Wọn kò gbé e lọ síwájú adájọ́ kankan ní gbogbo ìgbà náà. Ní ọdún 1988, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú Patrick Wilmot, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní àkókò náà, ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn aláṣẹ pé àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí a kò san owó fún wọn láti kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìjọba ológun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ́de lòdì sí ìnira, àwọn kan gbé àsíá Rọ́ṣíà ní Kánò. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú ọmọ ilẹ̀ Póláńdì méje nítorí rẹ̀. Ta ni wọ́n? Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà àti olùkọ́ wọn láti Yunifásítì Warsaw ni, tí wọ́n wá kọ́ èdè Haúsá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n dá wọn sílẹ̀. Àlejò a máa lójú ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dúró sí ibi tí ọmọ onílé kì bá ti dúró. Ṣùgbọ́n àwa tí ó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni iṣẹ́ wa kò lè gbọ́ ìròyìn náà kí á má fi ọwọ́ lé àyà. Ní ọdọọdún ni àwọn ọmọ òkèèrè ń wá sí Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ láti kọ́ Yorùbá, tí wọ́n ń gbé fóònù kiri láti gba ohùn àwọn onídùndún àti àwọn ìyá ọlọ́jà.

Ní òkèèrè pàápàá, ayé ń lọ sí apá ibẹ̀. Rọ́ṣíà ṣe òfin ní ọdún 2012 pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń gba owó òkèèrè tí ó sì ń dá sí ọ̀ràn ìlú gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní aṣojú àjèjì. Ní ọdún 2017, ó nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òfin wọn ti ọdún 1911 nígbà tí wọ́n ṣe Òfin Ààbò Ìlú titun ní ọdún 2023, tí wọ́n sì sọ àtojúbọ̀ ìjọba òkèèrè di ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Baba ti ju ẹ̀wù náà nù, ọmọ ṣì wọ̀ ọ́. Nílé níhìn-ín, wọ́n gbé àbá òfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 2016 láti máa ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba àti owó tí wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn tí ará ìlú pariwo ní ọdún 2017, àbá náà kò di òfin. Mo gbà pé ó dára kí á mọ ibi tí owó ti ń wá. Ṣùgbọ́n kí á mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kí á fi í sọ ènìyàn ní amí. Owó òkèèrè wà nínú ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi kọ́, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ẹ̀yin náà ń kà ní ilé ìkàwé yín.

Iye tí àṣírí ń náni

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí oníwèé ìròyìn àti olùkọ́ bá tilẹ̀ jìyà díẹ̀, ṣé ìlú kò wà ní àlàáfíà?" Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìkẹjà dá a lóhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, iná ran ilé tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Àwọn bọ́ǹbù ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù láàárín ìlú. Ará ìlú kò mọ ohun tí ó ń bú, wọn kò mọ ibi tí yóò dé, wọn kò mọ ọ̀nà tí ó yẹ kí wọ́n gbà. Wọ́n sá nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀, pàápàá àwọn obìnrin àti ọmọdé, sá wọ odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Àfà, níbi tí ewéko ti bo ojú omi, wọ́n sì kú sínú rẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá ológun tí ó wà ní bárékè náà tọrọ àforíjì, ó sì sọ pé ilé ìkóhun-ìjà náà ti gbó, pé a ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn kan mọ̀ pé ibẹ̀ ti gbó. Àwọn tí ó ń sùn lẹ́yìn odi rẹ̀ ni kò mọ̀. Bí akọ̀ròyìn kan bá ti wọ ibẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, tí ó ya àwòrán òrùlé tí ń jò lórí bọ́ǹbù, ìpín kejì Òfin Àṣírí ni wọn ì bá kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ fún un. Bí olùkọ́ kan bá sì rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ka iye ilé tí ó yí bárékè náà ká, wọn ì bá bi í pé ta ni ó rán ọ. Igi gan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó; ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí a fi aṣọ dì lójú yóò ti wo igi láti òkèèrè? Ọ̀tá wo ni a fi àṣírí yẹn pamọ́ fún? Kò sí ọ̀tá kan tí ó gbógun ti Ìkẹjà ní ọjọ́ náà.

Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀

Mi ò kọ ìwé yìí kí á lè sunkún nìkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí Òfin Òmìnira Ìròyìn. Òfin yìí ti lu Òfin Àṣírí ní ihò ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ó wí pé ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Bí ó bá kọ̀ láìtọ́, ìtanràn 500,000 náírà wà fún un. Ìpín 28 wí pé òǹtẹ̀ àṣírí nìkan kò tó láti fi ìwé dùn ẹni tí ó béèrè; a ní láti wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìpín 27 dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá tú àṣírí ìwà jìbìtì, ìfowóṣòfò, tàbí ewu fún ìlera àti ààbò ará ìlú. Àní ìpín 11, tí ó gba ìjọba láàyè láti fi ọ̀ràn ogun àti ti òkèèrè pamọ́, tún wí pé bí àǹfààní ìlú nínú ìtẹ̀jáde bá ju ìpalára rẹ̀ lọ, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ìpín 17 sì wà fún àwa olùkọ́: ilé ẹ̀kọ́ lè kọ̀ láti kó ìwé ìwádìí tí olùkọ́ ṣì ń ṣe fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1962 ṣì wà láàyè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá mú Samuel Ogundipe ti Premium Times ní Àbújá nítorí ìwé ìjọba kan tí ó gbé jáde, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ni kí ó dárúkọ ẹni tí ó fún un. Ó kọ̀. Òfin titun ṣí ilẹ̀kùn, òfin àtijọ́ ṣì jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kùmọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa kò le. Kí wọ́n tún òfin ọdún 1962 kọ, kí ó jẹ́ pé ìpalára gidi fún ìlú ni adájọ́ yóò máa wò, kì í ṣe òǹtẹ̀. Kí wọ́n ya ẹni tí ó búra sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò búra. Kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó tú àṣírí nítorí ire gbogbo ènìyàn. Amí tòótọ́ kò ní í rí àyè sá lọ nínú irú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí pé amí kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tún gbé e sí ọjà.

Ní tiwa, àwa tí a ń kọ́ni, kí á kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ọdún 2011 bí a ti ń kọ́ wọn ní òwe. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ ní kí ọmọ kíláàsì yín kan kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ó béèrè iye tí a ná sórí kànga ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì, bí ẹ bá ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ fún un ní ìwé tí ó sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ibi tí owó rẹ̀ ti wá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù yín sí i. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rán ọmọ wọ̀nyẹn lọ sí Ìkẹjà. Bí mo bá ti ṣe é, bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ì bá pè mí, bóyá ohùn àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ì bá ṣì wà.

Mo tún ń wá àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá mọ ìṣe òkùnkùn, kí ó má dá òṣùpá lóró. Àwa tí a sì fẹ́ ṣe òṣùpá fún ìlú kò gbọdọ̀ fi ìbẹ̀rù wọ inú ìkuukùu lọ fúnra wa. Nígbà tí mo bá tún rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ọba Àkran, èmi náà yóò bá a lọ.